Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ọbẹ̀ Ru Omi

Bí èèyàn bá fẹ́ bú alásè nílẹ̀ yìí, kò ní láti ronú jìnnà. Kó ṣáà ti yọjú wo inú àwo, kó yínmú, kó ní, "Omi ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí." Ó bùṣe. Kò sẹ́ni tí yóò bi í bóyá iyọ̀ mu, bóyá ata jinná, bóyá irú wà níbẹ̀. Láti Móníyà dé Òjòó, láti Bódìjà dé Challenge ní Ìbàdàn níbí, àmì tí wọ́n fi ń dá ọbẹ̀ gidi mọ̀ báyìí ni pé kí òróró lé téńté lójú rẹ̀, kí ata dì sísàlẹ̀, kí omi má sì hàn níbẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ ń fi wọn ìyàwó, àlejò ń fi wọn olóde, ọkùnrin tí kò dá iná ọbẹ̀ rí láyé rẹ̀ ń fi wọn aya rẹ̀. Ẹni tó bá bu omi sọ́bẹ̀, ahun ni. Bí kì í bá ṣe ahun, a jẹ́ pé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ. Bí kì í bá ṣe méjèèjì, wọn ò kọ́ ọ nílé ìyá rẹ̀.

Èmi kò fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, kò sí ohun tí a fi ń tún oúnjẹ ṣe tó tó omi. Òun ló ń mú èyí tó le rọ̀, òun ló ń mú iyọ̀ tó jù wálẹ̀, òun ló ń tú adùn tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò jáde. Ẹ̀gàn tí a sì ń gàn án yìí ló sọ wá di ẹni tí kò lè se ọbẹ̀ mọ́ láìsí òróró ìdajì ìgò àti mágì ẹ̀kúnwọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohun tí gbogbo Ìbàdàn ń jẹ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Móníyà ló ń sọ èrò Èkó kalẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì mọ ọ̀nà ilé tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí àmàlà wà. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní àmàlà Ìbàdàn mà rọ̀ o, ó mà ń yọ̀ lọ́fun. Wọ́n á tún ní èlùbọ́ tó ń gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn wọlé láti Òkè-Ògùn ló fà á. Èlùbọ́ náà dára lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra irú èlùbọ́ kan náà dé Èkó, tí àmàlà rẹ̀ ṣì le, tó ṣì ń rùn ìyẹ̀fun, ẹ bi í bó ṣe lo omi.

Ẹ dúró ti ìyá tó ń rokà lẹ́bàá títì kẹ́ ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bí omi bá ti ń hó nínú ìkòkò, ó ti kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó da èlùbọ́ sílẹ̀ rárá. Ó da èlùbọ́ tó ti kù, ó fi orógùn rò ó kíákíá. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ìsinsìnyí kì í fẹ́ ṣe mọ́: ó fi orógùn gún ihò káàkiri ara ọkà náà, ó gbé omi gbígbóná inú abọ́, ó dà á lé e lórí, ó sì dé e pa. Omi ń hó nínú àwọn ihò yẹn, ooru ń gba inú ọkà kọjá. Nígbà tó bá ṣí i, tó tún un rò, àwọ̀ rẹ̀ á ti dúdú sí i, á máa dán, òórùn èlùbọ́ tútù á ti fò lọ. Ike tó fi ń bù ú sínú ọ̀rá pàápàá, inú omi ló ń kì í bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí oníbàárà kan tó dìde pé ìyá yìí ti fi omi ba àmàlà jẹ́. Owó ni wọ́n ń yọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn kò ṣòro láti yé wa. Sítáàṣì inú èlùbọ́ wà ní wóro kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Bí ooru bá ti dé nǹkan bí 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn wóro yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mu, wọ́n á wú, wọ́n á sì so mọ́ra. Ibi tí omi kò bá dé, wọn ò ní wú. Tútù ni wọ́n máa wà bí wọ́n ṣe wà láti inú àpò. Kókó tí ẹ ń rí nínú àmàlà, ìyẹ̀fun tí omi kò rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀ ni. Èlùbọ́ fúnra rẹ̀, inú omi ló ti wá: iṣu tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí a fi sílẹ̀ sínú omi ọ̀hún mọ́jú, ká tó sá a sóòrùn, ká tó lọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà nítòsí wa níbí àti láwọn yunifásítì wa, bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ìyẹ̀fun kan ṣe dára tó, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni iye omi tó lè fà mu.

Mọ́ínmọ́ín náà ń kọ́? Ẹni tó bá ṣahun omi sí ẹ̀wà lílọ̀, ọ̀bẹ ni yóò fi gé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ jẹ. Iyán tó ń le nínú odó, omi gbígbóná díẹ̀ ni wọ́n ń ta sí i. Àmàlà àná tó ti gan, a gé e wẹ́wẹ́, a da omi gbígbóná lé e, a gbé e padà sórí iná, a tún un rò, ó di tuntun. Àkàrà nìkan ló yẹ ká yọ sọ́tọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí a lù sínú ẹ̀wà ló ń mú un wú, omi tó bá pọ̀ á sì lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún àwọn alákàrà.

Wọ́n á ní òkèlè nìyẹn, ọbẹ̀ là ń sọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọbẹ̀ tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa, ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ olómi ni? Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà tí a bó èèpo lára rẹ̀ ni, tí a sè nínú omi títí tó fi fọ́, tí a wá sẹ́ kó lè ṣàn. Ewédú, omi la kọ́kọ́ gbé kaná fún un, a fi kánún díẹ̀ sí i, ká tó fi ìjábẹ̀ jà á. Bó bá ki jù, kì í fà, á kàn máa dì sójú kan, omi gbígbóná díẹ̀ ló sì ń dá a padà sípò. Ilá, àpọ̀n, ìlasa, omi ló gbé gbogbo wọn. Ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀ tí àwọn àgbà ń jẹ tí wọ́n ń lá ọwọ́, epo inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Ẹni tó jókòó ti àbùlà ní Bódìjà, tó ń làágùn, tó ń pè é ní oúnjẹ ìlú wa, ọbẹ̀ méjì tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú wọn ló ń jẹ, ó sì ń yìn ín. Kó tó délé, kó tún wá máa bú ìyàwó rẹ̀ pé ọbẹ̀ ata ṣàn.

Ọbẹ̀ ata díndín tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n yìí, kò tíì pẹ́ lọ títí. Tòmátì, tàtàṣé, ata rodo, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí nínú wọn. Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, lẹ́yìn tí àwọn aláwọ̀ funfun ti dé ibẹ̀ ní 1492. Ataare àti iyèré la fi ń ta oúnjẹ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé ká má jẹ tòmátì o. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ní ọbẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọbẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìn ló kọ sí ìtàn.

Níbo la ti wá kó àṣà òróró lé téńté yìí? Òde àríyá ni mo fura sí. Alásè tó ń se oúnjẹ ẹgbẹ̀rún èèyàn, láti òru ló ti ń dáná, ọbẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró nínú kúlà títí di ìrọ̀lẹ́ kó má kan. Ó tọ̀nà kó dín in gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwa tó jẹ òde tán la gbé ọbẹ̀ òde wálé, a ní kí ìyàwó máa sè é fún èèyàn mẹ́rin lójoojúmọ́, bí ẹni pé owó ìdílé náà ni ti olóde.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò owó yìí díẹ̀. Nínú 100 gíráàmù tòmátì, nǹkan bí 94 ló jẹ́ omi. Ti tàtàṣé ju 90 lọ. Ti àlùbọ́sà súnmọ́ 90. Ẹni tó lọ ata dé láti ọ̀dọ̀ alọta, tó gbé e kaná, tó ń fọ́nnu pé òun kì í fi omi sọ́bẹ̀, omi ló kún ìkòkò rẹ̀ dẹ́nu. Ohun tó wá kàn án ni pé kó gbẹ omi náà. Wákàtí kan lè lọ sí i. Kí lítà omi kan tó gbẹ tán lórí iná, ooru tí yóò jẹ ju ìlọ́po mẹ́fà èyí tó mú un hó lọ. Gáàsì ló ń jẹ bẹ́ẹ̀, a sì mọ iye tí gáàsì jẹ́. Nígbà tí omi bá tán, ata á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, a ó wá da òróró lé e kó má bàa jó mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe: a ra omi pọ̀ mọ́ tòmátì lọ́jà, a fi owó gáàsì lé omi náà lọ, a tún fi owó ra òróró dí àyè tí omi fi sílẹ̀. Òróró ṣíbí ńlá kan sì tó nǹkan bí kálórì 120. Omi kò ní kálórì kankan. Ẹni tí dókítà ti ń bá wí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsanrajù, kó tó jáwọ́ nínú ẹ̀bà, kó kọ́kọ́ wo ojú ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí òróró ń ṣe. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Títa ata rọrùn fún òróró láti gbé ju fún omi lọ. Àwọ̀ pupa inú tòmátì àti èyí tó wà nínú gààrí pupa, ara wa kì í gbà á dáadáa láìsí ọ̀rá díẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà tó ń dín nínú epo, tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ẹnìkan ń se ọbẹ̀, omi ò lè ṣe é, nítorí omi kì í gbóná kọjá 100, òróró sì lè kọjá 180. Nítorí náà, ẹ dín in. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ òróró parí sí. Iyọ̀, ṣúgà ara àlùbọ́sà, kíkan tòmátì, adùn ẹran, adùn irú, inú omi ni gbogbo wọn ti ń yọ́, kì í ṣe inú òróró. Ahọ́n wa gan-an, ohun tí kò bá yọ́ sínú itọ́, kò lè tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ tí omi ti tán nínú rẹ̀, tí òróró bò mọ́lẹ̀, adùn rẹ̀ há mọ́ inú ata tó gan nísàlẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ á ní nǹkan kan kù, á tún ní kí wọ́n fi mágì kan kún un.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ tó ti gbẹ jù. Òróró ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ó dá dúró lókè. Ata ti pín sí wóro-wóro. Nídìí ìkòkò, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan ti lẹ̀ mọ́ irin, kò tíì dúdú, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ẹ́ jó. Ọ̀pọ̀ alásè á fòyà, wọ́n á tún da òróró sí i. Ẹ gbé òróró yẹn sílẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ bu omi gbígbóná bí ìpọnkọ kékeré kan, ẹ dà á síbi tó lẹ̀ mọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ojú ọbẹ̀. Á dún ṣàá. Ẹ fi ṣíbí onígi họ ìdí ìkòkò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nǹkan pupa yẹn á ṣí, á yọ́, á dàpọ̀ mọ́ ọbẹ̀. Òun ni ẹran àti àlùbọ́sà tí iná ti fún adùn wọn jọ sójú kan. Òróró tó ti yà lọ á padà wá bá ata, ọbẹ̀ á tún lẹ̀ mọ́ òkèlè. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò. Bó bá ti jó dúdú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn o: ẹ má họ ọ́, ẹ tú ọbẹ̀ òkè sí ìkòkò mìíràn kíá.

Ohun tí a ń ṣe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìdílé wo ló ń da omi ẹran nù? Omi tí a fi bọ ẹran lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ la ń dà á sí? Ìyá tó ń sọ pé omi ń ba ọbẹ̀ jẹ́ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́ omi ẹran, á dà á sínú ata, á sì gbà pé òun ti fi adùn kún un. Òótọ́ ló gbà, nítorí omi náà ló wọ inú ẹran lọ kó adùn jáde. Àwọn ará Ítálì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi tí wọ́n fi se pasítà. Wọ́n ń bu díẹ̀ pamọ́, wọ́n ń fi tún ọbẹ̀ wọn ṣe, kó lè dì mọ́ oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kì í pe àwọn yẹn ní ahun.

Mágì tí a fi rọ́pò gbogbo èyí ńkọ́? Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan tó ń jẹ́ Kikunae Ikeda ń wá ohun tó mú kí omi tí ìyàwó ilé fi se ewéko òkun máa dùn tó bẹ́ẹ̀. Inú omi yẹn ló ti rí i, ohun tí wọ́n ń pè ní glutamate. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń tà á lọ́jà ní orúkọ Ajinomoto, èyí tí àwọn ìyá wa mọ̀ dunjú. Láti inú omi ọbẹ̀ ni adùn tí a ń rà nínú páálí ti jáde. Irú wa, tí a sè, tí a bò mọ́lẹ̀ títí tó fi ra, ní irú adùn yẹn nínú láìsí pé ilé iṣẹ́ kan dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ da irú sínú òróró tó ń hó, kẹ́ ẹ má fún un lómi, òórùn rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ẹ jẹ́ kó hó nínú omi ẹran díẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mágì ní tirẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀: iyọ̀ ló máa ń ṣáájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù iyọ̀ márùn-ún lọ lóòjọ́, àti ti inú búrẹ́dì, àti ti inú ọbẹ̀, àti ti inú mágì. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi la dojú ìjà kọ, iyọ̀ la fi sílẹ̀.

Bí iyọ̀ bá sì ti wá pọ̀ jù, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fúnni: ẹ ju iṣu tútù tàbí ànàmọ́ sínú rẹ̀, á fa iyọ̀ náà mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi oníyọ̀ ni iṣu ń fà, kì í ṣa iyọ̀ lẹ́sà fi omi sílẹ̀. Bí iyọ̀ ṣe mú tó nínú ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù náà ló ṣì mú; ọbẹ̀ nìkan ló dín kù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ọbẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tí iyọ̀ ò pọ̀ sí i: omi gbígbóná, ata lílọ̀ tí kò ní iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ jọ hó pọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù omi kò lè ṣe é, òun náà ni yóò máa wá iṣu kiri.

Àríwísí kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò ní fojú fò ó. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó gbẹ ń pẹ́, ọbẹ̀ olómi ń tètè kan, iná mànàmáná wa kò sì ṣeé gbára lé. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ kò lè gbé ibi tí omi kò sí. Ẹni tí kò ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, kó dín ata rẹ̀ gbẹ, kó fi pamọ́. Ìpamọ́ nìyẹn, jíjẹ tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó bu ìwọ̀nba tó tó wọn sínú ìkòkò kékeré, kó fi omi gbígbóná tàbí omi ẹran tú u ká, kó jẹ́ kó hó. Ata díndín tí àwọn ọmọléèwé ń gbé lọ sí àdúgbò Agbowó lẹ́bàá Yunifásítì Ìbàdàn láti ilé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, nítorí pé bí wọ́n bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ebi ló kọ́ wọn, ó sì kọ́ wọn dáadáa.

Àríwísí kejì, ti àwọn olóúnjẹ tó ń fi omi rẹ́ni jẹ ni. Àwọn wọ̀nyẹn wà, bí ẹlẹ́mu tó ń bu omi lé ẹmu ṣe wà. Ọbẹ̀ wọn kò dùn, ó sì ń ṣàn káàkiri inú àwo. Ẹ wò ó dáadáa, ohun tó ṣe ọbẹ̀ yẹn ni pé ata kò tó, ẹran kò tó, irú kò sí, wọ́n wá bu omi tútù lù ú nígbà tí oníbàárà pọ̀, wọn ò sì dúró kó hó. Olè ló ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi òṣùwọ̀n tí ìdí rẹ̀ ti wọnú wọn gààrí fún wa, òṣùwọ̀n la ó bínú sí, a ò ní dẹ́kun gààrí jíjẹ.

Mo gbà fún wọn lórí omi tútù ṣá. Omi tútù tí a ṣàdédé dà sí ọbẹ̀ tó ti fẹ́ẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí a kò jẹ́ kó hó, ó ń mú ẹnu tẹ́ ni. Àmàlà tí a bu omi tútù lù lẹ́yìn tó ti jinná, á ṣì já. Kò sí bí ẹ ṣe lè rò ó tí yóò fi so pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí omi náà kò ní ooru tí yóò fi wọ inú rẹ̀. Láti ara èyí ni orúkọ burúkú omi ti wá. Àwọn tó lo omi ní àìtọ́ ló bà á lórúkọ jẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kò sì sọ̀rọ̀.

Ìdí tí wọn ò fi sọ̀rọ̀ hàn sí mi. Ìtìjú ni. A ní òwe kan tó ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, n ò sì tíì rí i kó ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ó jẹ́ kí olówó rò pé òun ti mọ ọbẹ̀ sè nítorí pé òun rí ẹran rà, ó sì jẹ́ kí ẹni tí kò lówó gbà pé ọbẹ̀ òun kò lè dùn láé. Ìyá tí àlejò bá lójijì, tó bu omi gbígbóná kún ọbẹ̀, tó gbá irú díẹ̀ sí i, tó fọ́ ata ṣọ̀m̀bọ̀ kan lé e, tó jẹ́ kó hó, tí ọbẹ̀ náà sì yó gbogbo wọn, ó ti ṣe ohun tí owó ò lè ṣe. Ó yẹ kó lè sọ ọ́ jáde láìtijú. Dípò bẹ́ẹ̀, á wọ kọ̀rọ̀ lọ bu omi náà.

Ó tún wá jẹ́ pé ìlú tí omi ò ti pọ̀ la ti ń gan omi. Láti 1942 ni adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ṣe kí Ìbàdàn lè rí omi, ti wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Móníyà àti agbègbè rẹ̀, inú kànga ni wọ́n ti ń fà, tàbí kí wọ́n ra omi lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ bóòhóòlù. Ọmọ tó bá ru kẹ́ẹ̀gì omi wálé mọ iyì rẹ̀. Omi kànga mìíràn sì wà tí ẹ̀wà kì í tètè jinná nínú rẹ̀, nítorí kálísíọ́ọ̀mù tó pọ̀ nínú omi yẹn máa ń mú awọ ẹ̀wà le. Àwọn àgbà ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ kálísíọ́ọ̀mù. Kánún ni wọ́n ń fi sí i. Wọn ò wí pé omi ò ṣe é se ẹ̀wà. Wọ́n tún omi náà ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dáná lónìí, ẹ gbé omi kaná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn òróró yín sí ìdajì èyí tẹ́ ẹ máa ń lò, ẹ fi omi ẹran gbígbóná dí ìdajì tó kù, ẹ fún irú láyè kó yọ́, ẹ má fi mágì sí i títí tẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbé e fún wọn nílé, kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan. Bí baálé bá jẹ ẹ́ tán, tó ní kẹ́ ẹ bu sí i, ẹ jẹ́ kó jẹ èkejì tán pẹ̀lú, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ sọ fún un pé omi ló jẹ.